Adájọ́ Tí Kì Í Jẹun Nílé Ẹnikẹ́ni

Ní ọjọ́ Àìkú tí a lọ kan ilẹ̀kùn Jàfárù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ṣé ọmọ Alimat máa dúró ti ìyá rẹ̀ ni, àbí ìjọba máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Opó ni Alimat. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Largo, ní Maryland, ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, Ìdrís nìkan ló sì bí. Ọmọ ọdún méjì ni Ìdrís nígbà tí ó pọ̀n ọ́n wọ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1997, ó ti pé ogún ọdún, ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó wọ mọ́sáláṣí wa, Yorùbá tó gbọ́ kò sì ju "ẹ káàárọ̀, sà" àti "mo ti yó" lọ.

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Seat Pleasant ló ti ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, bàbá Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Winston, tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pupa kan sí i, ó ní kó gbé e jáde sí títì kó lọ dán bíréèkì rẹ̀ wò. Ìdrís dán an wò títí dé ibi iṣẹ́ ìyá rẹ̀ kó tó yí padà. Kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ni mọ́tò ti wá, kò rí mọ́tò, ó ti pe ọlọ́pàá. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ò fẹ́ kí oníbàárà bá òun jà, ló bá ní òun ò rán ọmọ náà níṣẹ́, òun ò sì mọ ibi tó ti rí kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n ṣe kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Ìdrís lọ́wọ́ nìyẹn, wọ́n ní ó gbé mọ́tò onímọ́tò sá.

Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló ń ba Alimat lẹ́rù jù. Gríìn káàdì ni ọmọ náà ní, kò tíì di ọmọ onílùú. Òfin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà yẹn, wọ́n sì ti ń torí ẹ̀sùn tí kò tó nǹkan dá àwọn èèyàn padà sílé. Ilé wo ni wọ́n fẹ́ dá Ìdrís padà sí? Ẹ wo ọmọ tí wọ́n á já sílẹ̀ ní Òjótà, tí á máa béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta písà!

Adájọ́ tí ẹjọ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ ní kóòtù Upper Marlboro, Yorùbá bíi tiwa ni, mùsùlùmí bíi tiwa. Jàfárù Akínlọ́lá ni. Ẹ ó rò pé inú wa dùn. Rárá o. Ẹ̀rù ló bà wá. Kò sí ẹni tí ọkàn wa ò balẹ̀ sí ní gbogbo PG, àgbègbè wa yìí, tó Jàfárù. Kí n tó sọ ohun tí a lọ ṣe lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, kí ẹ lè mọ̀ pé a ò kàn ń fura lásán.

Ọmọ ahunṣọ ni, ará Ìsẹ́yìn. Nígbà tó dé Maryland, a ò ju ìwọ̀nba tó lè kún inú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré kan lọ. Oko tábà àti igbó ló wà níbi tí àwọn ilé ńláńlá Lake Arbor wà lónìí. Àgbọ̀nrín ń rìn káàkiri bí ẹni tó ń wá ilé rẹ́ńtì. Jàfárù ń fọ abọ́ lọ́sàn-án, ó ń lọ sílé ìwé àwọn lọ́yà nírọ̀lẹ́. Ó kà á, ó kà á, títí orí rẹ̀ fi pá. Ọjọ́ tó yege, ó gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Seat Pleasant, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú fèrèsé. Lọ́yà Yorùbá àkọ́kọ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Oníbàárà tó kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn yẹn lọ bá a, àgbọ̀nrín ni. Àwọn kan ní àsọdùn ni mo ń sọ. Kí wọ́n lọ bi àgbọ̀nrín.

Nígbà yẹn, ènìyàn ni Jàfárù. Kì í dúró de èèyàn ní ọ́fíìsì, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá èèyàn wálé. Tábìlì ilé ìdáná ló ti ń gbọ́ ẹjọ́. Á jẹun ná. Bí ọbẹ̀ bá dùn, ọ̀rọ̀ á tètè yé e. Bí kò bá dùn, á ní kí ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá wọ́n á bu òmíràn wá. Tọkọtaya tó ń jà, onílé àti ayálégbé, àwọn méjì tó jọ ra takisí tí wọn ò wá gbọ́ra wọn yé mọ́, òun ló ń là wọ́n. A ò mọ̀nà kóòtù rárá, torí kí ẹjọ́ tó dé kóòtù, Jàfárù ti jẹ ẹ́ mọ́ iyán.

Ẹjọ́ tó sọ ọ́ di olókìkí, ẹjọ́ àgbò Lukman ni. Lukman tí mò ń wí yìí ló wá di akọ̀wé àsálátù wa lẹ́yìn náà. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa takisí ni. Ó ra àgbò Iléyá, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé, àgbò já okùn, ó wọ oko tábà òyìnbó kan, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè sí àsè. Òyìnbó gbé Lukman lọ sí kóòtù. Jàfárù dìde, ó wọ ẹ̀wù òyìnbó aláwọ̀ búlúù tó ṣì ń rùn bí ilé ìtajà aṣọ òkìrìkà, ó ní: "Olúwa mi adájọ́, ẹranko tó bá jẹ tábà tó báyìí, ó yẹ kó máa wúkọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un wọlé kí a gbọ́ àyà rẹ̀." Wọ́n mú àgbò wọlé. Àgbò wo adájọ́, adájọ́ wo àgbò. Kò wúkọ́. Wọ́n da ẹjọ́ nù. Mo wà níbẹ̀. Tàbí ká sọ pé mo wà nítòsí.

Ẹ wá wo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1993, gómìnà fi í ṣe adájọ́ ìpínlẹ̀ Maryland. Ọjọ́ tí a gbọ́, a ya lọ sílé rẹ̀ tuntun ní Lake Arbor. Àwọn obìnrin gbé kúlà ìrẹsì, èmi gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, Lukman fa àgbò lọ́wọ́, àgbò mìíràn o, èyí tí kò mọ tábà. Jàfárù jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tó jí ẹran. Mujeebah ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára kúlà. Jàfárù sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n àgbò Lukman ń ké, kò sẹ́ni tó gbọ́ ju ìparí lọ: "Ẹ ṣeun, ẹ kú ìfẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà sílé." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹun nílé ẹnikẹ́ni mọ́. Bí a bá ń ṣe ìkómọ, á dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, á ṣe àmín, á mu omi tó gbé wá látilé, á sì lọ. Lọ́jọ́ Iléyá, ìlà tó kẹ́yìn ló ti ń kírun, níbi tí a kó bàtà sí, kí lèmọ́mù sì tó yíjú padà, ó ti wọ mọ́tò. Ẹni tó bá ń dúró ti bàtà, mo ní, àfi kó jẹ́ pé ó fẹ́ jí bàtà tàbí pé ó fẹ́ sá. Bàtà ò sì sọnù.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní májèlé ló ń bẹ̀rù. Ni àwọn obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn láwòfín: ta ló fẹ́ fún un ní májèlé nínú wa? Àwọn kan ní ó ti wọ ẹgbẹ́ òyìnbó kan tí ó ti búra níbẹ̀ pé òun ò ní fẹnu kan ata mọ́. Lukman ní ọgbẹ́ inú ni. Èmi ní tèmi, mo ní ó jọ pé ńṣe ló ń ṣọ́ wa. Mo kàn sọ ọ́ ni, n kò mọ̀ pé á dé ìlú Bowie kí ilẹ̀ tó ṣú.

Irú adájọ́ tí ẹjọ́ Ìdrís bọ́ sí lọ́wọ́ nìyẹn.

Lọ́yà tí Alimat gbà, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síhìn-ín ni, Olúfọlákẹ́. Yorùbá rẹ̀ máa ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kì í dá. Ó wá bá Alimat nílé, èmi náà wà níbẹ̀, mo lọ kí i.

Ó ní: "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Mr. Winston máa wá sọ fún kóòtù pé òun lòún fún un ní kọ́kọ́rọ́. Judge Akínlọ́lá máa ń gbọ́ tẹnu èèyàn tán. Ó dára púpọ̀ pé òun ni. Nǹkan kan péré ni mo fẹ́: kí ẹnikẹ́ni má lọ bá a. Kí ẹnikẹ́ni má pè é. Ẹ gbọ́, Bàbá?"

Mo ní: "Kí ló dé tó jẹ́ èmi lò ń wò?"

"Torí pé ẹ̀yin lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, sà."

Nígbà tó lọ tán, a jókòó, a ń ro ó. Ẹni tó ní ká má lọ, tó tún un sọ, tó tún na ìka sí wa, kí ló mọ̀ tí kò sọ?

Ní àsálátù ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀la, Lukman gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Nílé, bí ọmọ èèyàn bá dé iwájú ẹni tó fẹ́ dájọ́, ẹ̀bẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ìyá á kó àgbààgbà jọ, wọ́n á lọ kúnlẹ̀, wọ́n á ní ẹ bá wa wò ó, ọmọ yín ni. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà jẹ̀bi. Ó túmọ̀ sí pé ó ní ènìyàn.

Lukman ní: "Bí ìyá ò bá lọ bẹ̀bẹ̀, kí ni adájọ́ á rò? Á ní, ìyá rẹ̀ gan-an ti mọ̀ pé olè ni."

Alimat ní: "Lọ́yà ní ká má lọ."

"Ọmọ àná lọ́yà. Ta ló mọ Jàfárù, òun àbí àwa? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, Ìyá Ìdrís. Ọkùnrin tí kò lè jẹ ìrẹsì wa lójú òyìnbó, ẹ rò pé ó máa dá ọmọ wa sílẹ̀ lójú òyìnbó? Ọmọ yín ló máa fi hàn wọ́n pé òun kì í ṣojúsàájú. Ọmọ yín gan-an."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ Alimat lára. Ó dìde, ó so ìborùn rẹ̀ le, ó ní: "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Àwa mẹ́ta la wọ takisí Lukman. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé iṣu tí a mú dání fún adájọ́ lé ẹsẹ̀, kí irun funfun orí mi sì máa hàn.

Ọ̀sán gangan ni. Lukman tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Aṣọ fèrèsé mì díẹ̀, ó dúró.

Ohùn Mujeebah ní: "Ta nìyẹn?"

"Àwa ni."

"Àwa wo?"

"Lukman ni, mà. Àti Bàbá Àgbà."

A gbọ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn Jàfárù wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ohùn ńlá tó fi ń jà fún àgbò nígbà kan. "Bàbá, ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ má bínú, n kò lè ṣílẹ̀kùn."

Mo ní: "Kí ló dé? Ṣé ìhòòhò lo wà ni?"

"Rárá, sà. Mo wọṣọ."

"Ṣí i kí n rí i."

Mo gbọ́ ẹ̀rín díẹ̀, ẹ̀rín àtijọ́. Ó gbé e mì kíá. "Mo rí ẹni tó wà pẹ̀lú yín láti ojú fèrèsé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Ẹ má sọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan, n kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Lukman fẹnu sí mi létí: "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀? Ó ti dá ẹjọ́ yẹn tán. Ẹni tó ti dá ẹjọ́ tán ló ń sọ̀rọ̀ báyìí."

Alimat ti kúnlẹ̀ sórí ẹní ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó gbóná.

"Lukman," ni Jàfárù wí, "mo mọ̀ ẹ́. Má ṣe é."

Ẹ ò lè sọ fún Lukman pé kó má ṣe nǹkan. Ó fi ẹnu kan àlàfo ilẹ̀kùn, ó pariwo: "Torí Ìdrís la ṣe wá o! Ìdrís, ọmọ Alimat, ẹjọ́ mọ́tò pupa, lọ́la! Kò jalè! Wọ́n rán an níṣẹ́ ni! Ẹ ṣàánú ìyá rẹ̀!"

Òyìnbó tó ń fọ mọ́tò ní ilé kejì pa omi. Ajá kan tí a ò rí bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Nígbà tí Jàfárù máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"O ti bà á jẹ́, Lukman. O ti bà á jẹ́ fún ọmọ yẹn."

A kó iṣu sẹ́nu ọ̀nà, a lọ. Nínú mọ́tò, Lukman ní: "Ẹ ṣáà gbọ́ ọ. Ó ń halẹ̀ mọ́ wa."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ kóòtù. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni iṣu. Iṣu wa ni, lórí tábìlì níwájú adájọ́, wọ́n tò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Winston jókòó síwájú, ó wọ táì, ó ti múra láti sọ̀rọ̀. Ìdrís dúró ti Fọlákẹ́. Jàfárù wọlé nínú aṣọ dúdú, kò wo ibi tí a wà.

Ó sọ fún gbogbo kóòtù, ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ bí omi, pé ènìyàn mẹ́ta wá sílé òun lánàá torí ẹjọ́ yìí. Ó dárúkọ wa. Orúkọ bàbá Lukman tí èmi gan-an ò gbọ́ rí, ó dá a. Ó ní òun ò ṣílẹ̀kùn, ó sọ ohun tí a pariwo fún òun, ó ní iṣu tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyí. Lọ́yà ìjọba dìde, ó wo iṣu, ó wo Ìdrís, ojú tó fi wo ọmọ náà ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Jàfárù ní òun yọwọ́ nínú ẹjọ́ yìí, adájọ́ mìíràn ni yóò gbọ́ ọ, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Winston tú táì rẹ̀. Ó ní ṣé òun ò ní sọ nǹkan tí òun torí rẹ̀ wọ táì ni? Wọ́n ní rárá.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Fọlákẹ́ dojú kọ wá. Omi ń bẹ lójú rẹ̀, ìbínú ni.

"Mo ní kí ẹ má lọ! Mo ní kí ẹ má lọ, sà! Ṣé ẹ mọ ìdí tí kì í fi í jẹun nílé yín? Bó bá jẹun nílé yín, lọ́yà ìjọba á ní ọ̀rẹ́ yín ni, kò lè gbọ́ ẹjọ́ ọmọ yín. Torí irú ọjọ́ òní ló ṣe ń takété sí gbogbo yín láti ọdún mẹ́rin yìí wá, kó lè ráyè jókòó síbẹ̀!"

Lukman ní: "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ló dé tí kò sọ fún wa?"

"Ó ní òun sọ fún gbogbo yín. Lẹ́nu ọ̀nà, ọjọ́ tí wọ́n fi í jẹ adájọ́."

Mo wo Lukman. Ariwo àgbò rẹ̀ ni mo rántí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tíì tán. Kí oṣù ẹjọ́ tó pé, Winston bá ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù jà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní North Carolina. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí Ìdrís ní nìyẹn. Bí kò bá wá, ẹnu Ìdrís àti ẹnu ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló kù, a sì mọ ẹnu tí kóòtù á gbà.

Lukman wá bá mi. Ó ní: "Bàbá, ẹ ò rí i pé Jàfárù ló lé ọkùnrin yẹn lọ?"

Mo ní: "Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Ohun tí mò ń bi ara mi gan-an nìyẹn."

Alimat ni kò fura sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó lọ bá Lukman níwájú gbogbo àsálátù, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa bó ti yẹ, ó wá ní: "Alhaji, ẹ̀yin lẹ pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin náà lẹ máa lọ mú un wá."

Kò sí ibi tí Lukman á gbà. Ó rọ epo kún ọkọ̀ rẹ̀, ó kọrí sí North Carolina. Bó ṣe sọ ọ́ fún wa, nígbà tí Winston rí takisí Maryland tó ń bọ̀ ní àdúgbò rẹ̀, ó rò pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló rán an wá, ló bá gba ẹ̀yìnkùlé sá. Ẹ wo Lukman, pẹ̀lú ikùn yẹn, tó ń lé arúgbó Jàmáíkà yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta. (Mo gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ ẹ́.) Ìgbà tó pe Ìdrís lórí fóònù, tí ọmọ náà bá a sọ̀rọ̀, ni Winston tó gbà. Ó ní òun á tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n òun lòún máa wa mọ́tò. Ó ní òun ti gbọ́ bí bíréèkì Lukman ṣe ń ké láti ìkòríta, òun ò sì fẹ́ kú kí òun tó jẹ́rìí.

Adájọ́ kejì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, dígí rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Ó gbọ́ Winston. Winston ní òun lòún ju kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ náà, òun sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà gan-an, ó ní kí òun panu mọ́ torí oníbàárà. Adájọ́ yíjú sí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó ní ṣé òótọ́ ni. Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀. Obìnrin yẹn ní Ìdrís kò jẹ̀bi, kó máa lọ sílé, ó sì pe ẹjọ́ tó kàn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó àkókò tí èèyàn fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Alimat di ọmọ rẹ̀ mú níbi ẹ̀gbẹ́, torí ibẹ̀ ni orí rẹ̀ dé lára rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé ìta.

Ìbá dára kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lukman ni kò jẹ́. Níbi tí a gbé mọ́tò sí ní Upper Marlboro, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: "Ẹ rò pé lásán ni? Ẹ ò rí bí obìnrin yẹn ṣe yára? Jàfárù ló ti bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa wọ̀ ọ́ lára. Ó kàn ń díbọ́n lójú òyìnbó ni!"

Fọlákẹ́ ní: "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fẹ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́."

"Orúkọ wo? Mò ń yìn ín ni!"

Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo mọ́sáláṣí ti ń yin Jàfárù. Ìgbà tí ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ mi, ìpè fóònù kan ti wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó kúrò lọ́dọ̀ mi, Jàfárù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin náà nínú aṣọ dúdú. Àwọn tí kò kí i tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kí i láti òdìkejì títì, wọ́n ń ṣẹ́jú sí i. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ní ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí wá Lukman kó mú àwọn lọ sí Lake Arbor. Ẹni tí wọ́n mú torí pé ó sáré jù lójú títì, ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde, gbogbo wọn gbé nǹkan wá sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Jàfárù ò ṣílẹ̀kùn fún ọ̀kan nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì, á kó ohun tí wọ́n gbé wá lọ sí kóòtù, á dárúkọ wọn, á yọwọ́. Nígbà tó yá, lọ́yà ìjọba ò dúró kí Jàfárù sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ tó jọ tiwa, á dìde, ẹjọ́ á sì lọ sọ́dọ̀ adájọ́ mìíràn. Ẹni tó febi pa ara rẹ̀ kó lè gbọ́ ẹjọ́ wa, kò gbọ́ ẹyọ kan mọ́.

Kí ewé tó wọ́ tán lọ́dún yẹn, a rí pátákó níwájú ilé rẹ̀ pé ilé yìí wà fún títà. Ó kó lọ sínú igbó ní ìhà Brandywine, ojú ọ̀nà gígùn ló wọ ilé náà, géètì irin sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò fi àdírẹ́sì sílẹ̀ fún ẹnì kankan nínú wa.

Lẹ́yìn àsálátù, a dúró lẹ́bàá mọ́tò, a ń sọ ọ́. Ìdrís ti jókòó sídìí ọkọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń dúró dè é.

Lukman mi orí. "Mo sọ fún yín láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tí kò bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́, kí ló ń sá fún?"

Alimat ní: "Ẹ̀yin ni, Alhaji. Ẹ̀yin ló ń sá fún."

Lukman wò ó, ó wò mí, ó fojú wẹ́wẹ́ wo géètì mọ́sáláṣí bí ẹni pé ẹnì kan ń ṣọ́ wa níbẹ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"